Bí Ìwo Orí Tíntín Ṣe Tẹ̀ Bí Ìwọ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé erin, kò bà lé ẹfọ̀n. Ó bà lé Tíntín, labalábá kékeré, àti Alángbá ẹlẹ́tàn.

Ọgbà òdòdó kan wà lẹ́bàá odò. Àwọn labalábá ló ni ín. Wọn kì í fẹ́ rí àfòpiná níbẹ̀, nítorí ọmọ àfòpiná ti jẹ ewé ọgbà náà tán lọ́dún kan. Alángbá bá lọ bá Ìyálóde wọn.

Ó ní, "Ẹ fi mí ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àfòpiná tí mo bá mú, èmi ni n ó sìn ín jáde."

Wọ́n gbà. Ẹ gbọ́, ta ní í fi ológbò ṣọ́ ẹja? Inú ikùn Alángbá ló ń sìn wọ́n lọ! Nígbà tí àfòpiná tán, ó kọjú sí ìdílé Tíntín. Ara wọn ki, àwọ̀ wọn pọ́n bí ewé gbígbẹ. Alángbá ní àfòpiná ni wọ́n. Ó sin ẹ̀gbọ́n Tíntín jáde, ẹ̀gbọ́n kò padà. Tíntín wá a dé ẹ̀yìn ògiri, ìyẹ́ rẹ̀ nìkan ló bá. Ó sunkún títí. Ó wá forí lé ọ̀dọ̀ Ìyálóde, ó ń kọrin:

Ìyálóde, ẹ wò mí wò,
*Jànjàn kínjàn.*
Ṣóńṣó ìwo mi ló ki,
*Jànjàn kínjàn.*
Tàfòpiná rí bí ìyẹ́ adìyẹ,
*Jànjàn kínjàn.*
Ọ̀sán ni mò ń jẹ, mò ń sùn lálẹ́,
*Jànjàn kínjàn.*

Ìyálóde pe Alángbá. "Ṣé o wo ìwo wọn kí o tó lé wọn?"

Alángbá fọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran, Ìyálóde. Kí ó sún mọ́ mi, kí n wò ó."

Tíntín sún mọ́ ọn. Gbàù! Ìwo méjèèjì há sí Alángbá lẹ́nu. Tíntín fà, Alángbá fà. Ìwo bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣóńṣó rẹ̀ ti tẹ̀ kọ́rọ́.

Tíntín fò sórí ewé kan, ó fò sí òmíràn, tọ́n, tọ́n, tọ́n. Alángbá ń lé e lójú gbogbo ọgbà. Tíntín bà lé ìtàkùn wèrèpè. Alángbá bẹ́ tẹ̀lé e, ó balẹ̀ sáàárín èso rẹ̀.

"Yéè! Ara mi o!"

Ó ń fi ikùn ha ilẹ̀ títí ó fi sá kúrò lọ́gbà.

Ìyálóde fọwọ́ kan Tíntín. "Labalábá ni ọ́. Àwa ni a kò wò yín dáadáa. Má bínú nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ."

Tíntín lọ bà lé òdòdó, ó ń jẹun.

Bí ẹ bá rí labalábá tí ara rẹ̀ ki, tí ó ń fò tọ́ntọ́n láti ewé dé ewé lọ́sàn-án, tí ìwo rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja, ẹ má pè é ní àfòpiná. Ọmọ Tíntín ni.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sinmi sí. Bí mo bá purọ́, kí ẹnu mi kọ oúnjẹ alẹ́ yìí. Ẹ bù ú wá, kí á wò ó.