Apẹ̀rẹ̀ Tí Ìyá Fi Ń Ránṣẹ́

Obìnrin kan wà ní abà. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà sì wà nílé ọkọ ní ìlú ńlá. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre wà lẹ́yìnkùlé ìyá yìí, ẹ̀wà wà lóko rẹ̀, adìẹ rẹ̀ sì ń yé. Ní ìlú, tíì àti búrẹ́dì ni ọmọ fi ń jí. Bó bá dọ̀sán, a se índómì, a fi mínírà lé e. Ó rò pé ọ̀làjú nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ lóyún, nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kí ó máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹyin. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ni ìyá ń di ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀ fún awakọ̀ tó ń lọ sí ìlú, kó gbé e fún ọmọ. Kò fi ẹyin kan kan ẹnu mọ́. Láfún àti omi ata ló ń jẹ.

Aládùúgbò rẹ̀ ní, "Ìyá Àṣàbí, ẹ bu díẹ̀ jẹ nínú ẹ̀wà yìí. Ẹ̀jẹ̀ ò sí lójú yín mọ́."

Ó ní, "Ẹni méjì ló ń jẹun lọ́hùn-ún. Èmi nìkan ni mo wà níbí."

Ọmọ ń gba apẹ̀rẹ̀ náà. Àmọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gbélé ń pè é ní ará oko, ojú sì ń tì í. Ó ń pín ẹyin fún wọn, ẹ̀fọ́ a jẹrà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a kó o lọ sí ààtàn. Bí ìyá bá pè, a ní, "Mo ti jẹ ẹ́ tán, mà. Ẹ ṣé o." Irọ́ burúkú!

Nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́jọ, awakọ̀ dé láìsí apẹ̀rẹ̀. Ó ní wọ́n bá ìyá láàárín oko ẹ̀wà, ó ti kú. Ọmọ sáré lọ sí abà. Ó ṣí ìkòkò, omi ata ló bá níbẹ̀. Aládùúgbò sì sọ gbogbo ohun tó rí fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó wólẹ̀, ó ké títí. Ta ni yóò gbọ́?

Ìwọ tí wọ́n ń di ẹrù oko ránṣẹ́ sí, ìwọ ni mò ń bá wí. Má kàn sọ pé ẹ ṣé. Pe ẹni tó fi ránṣẹ́ lónìí, kí o bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ jẹ lánàá.