Ẹ Kú Ilé Tí Alágbẹ̀dẹ Kò Gbọ́

"Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé." Gbogbo wa la ń pa á lówe, àmọ́ ta ni ó mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ pàdánù rẹ̀? Ìlú mìíràn lè ní ìtàn tirẹ̀. Ní Òkè-Àfọ̀n, alágbẹ̀dẹ kan tí ń jẹ́ Ògúnrìndé ni wọ́n máa ń tọ́ka sí.

Bọ́lárìnwá, ọmọ kan ṣoṣo tí Ògúnrìndé bí, bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Ọdún tí ìyá rẹ̀ kú ni òun náà bí ọmọbìnrin lọ́hùn-ún, Ògúnrìndé sì fi lẹ́tà sọ ọmọ náà ní Yéwándé. Ọdún méje ni ó fi ń wo àwòrán rẹ̀ lára ògiri. Nígbà tí wọ́n kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọmọ gbọ́, bàbá tí kò jókòó sí kíláàsì rí lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé àgbà.

Tíṣà kọ́ wọn pé "Gúdù mọ́nìn, sà" ni ti àgbà, "Hẹ́lò" ni ti ẹgbẹ́ ẹni.

"Tí ọmọdé bá wá ní 'Hẹ́lò' fún mi ńkọ́?" Ògúnrìndé bèèrè.

"Ẹ ní 'Hẹ́lò' padà fún un o, Bàbá!" obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ògúnrìndé kò rẹ́rìn-ín.

Òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n dé. Ògúnrìndé ti wọ agbádá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, "wẹ́líkọ́ọ̀mù" ti wà létè rẹ̀. Yéwándé sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ojú ìyá ìyá rẹ̀ gan-an ni. Ó juwọ́.

"Hẹ́lò, Gíránpà!"

Bàbá pa ẹnu dé.

"Bàbá mi, ọmọ ni," Bọ́lárìnwá sọ lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ kí i káàbọ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí yóò sọ."

"Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lédè wọn. Kí ó kí mi bó ṣe yẹ ná."

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

"Èmi kọ́!"

Ẹkùn kì í bí ewúrẹ́. Bọ́lárìnwá náà kò bẹ̀ ẹ́ mọ́, ó fa ọmọ rẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò. Láràárọ̀, Yéwándé á wá dúró níwájú bàbá, á tẹjú mọ́ ètè rẹ̀, á sì yí padà lọ sẹ́yìnkùlé. Bàbá á di apá àga mú gírígírí, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà fa ọmọ mọ́ra.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lọ, Àṣàkẹ́ àbúrò rẹ̀ ń da àgbàdo fún adìẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àárò ọmọ yẹn á sọ àwọn adìẹ yín o. Ta ni yóò tún máa kúnlẹ̀ fún wọn pé 'Ẹ kú ilé, Bàbá'?"

"Èdè wa ló fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé ẹ kò mọ̀? Inú ọkọ̀ ojú omi ni ìyá rẹ̀ ti ń kọ́ ọ bọ̀. Ó ní tí ẹ bá ti ní 'káàbọ̀' ni kó kúnlẹ̀ dáhùn. Adìẹ ló fi ń dánra wò."

Láti ìgbà náà, gbogbo ọkọ̀ tí ó bá dúró lójú títì ni Ògúnrìndé ń sáré pàdé. "Káàbọ̀ o, káàbọ̀," ni ó ń kí àjèjì gbogbo, ó sì ń wo ìsàlẹ̀ bóyá ọmọ kan wà lórí ìkúnlẹ̀. Yéwándé kò padà wá lójú ayé rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí ẹnìkan bá ń wo ọ̀nà ẹlòmíràn kó tó ṣe tirẹ̀, tí ó ń torí ẹ̀tọ́ fi ìfẹ́ tí ó ti dé ẹnu ọ̀nà du ara rẹ̀, àwọn àgbà á ní kí ó rọra: ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé.