Aṣọ Tí Àwẹ̀ró Rán

Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.

Ọdún kan gbáko ni Àwẹ̀ró fi rán aṣọ bàlúùnù ńlá tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbé fò, kó tó kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀ tó gbéra, Olóyè Adégoróyè wà nínú apẹ̀rẹ̀, ó ń pariwo pé òun lòun rán an.

Ọlátẹ́jú, ọkọ olóògbé, ló di okùn mú nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mẹ́fà. Inú bí i, ó ní kí wọ́n so okùn mọ́ igi. Gbogbo wọn jókòó.

Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi apẹ̀rẹ̀ ṣeré.

“Ẹ fà mí sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yin èèyànkéèyàn.”

“Ta ló rán an, Olóyè?”

Afẹ́fẹ́ tún gbá a.

“Àwẹ̀ró ni.”

Ọlátẹ́jú ní òun ò gbọ́.