Àlejò Ilé Ládépò

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ládépò àti Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ ló la ẹnu ògiri tiwọn fúnra wọn. Nítorí orí ẹja lásánlàsàn, àgbàlagbà méjì bára wọn yan odì.

Àsìkò yẹn ni obìnrin kan gbé báàgì dé. Ó kí Ìbídùn pé, "Ìyàwó wa, ẹ kú ilé." Ìbídùn kúnlẹ̀ kíá, ó rò pé ẹbí ọkọ ló dé. Nígbà tí Ládépò wọlé, obìnrin náà ní, "Àna wa, ẹ káàbọ̀." Ládépò dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó. Odì ò jẹ́ kí ọ̀kan bi èkejì léèrè.

Bí Àǹtí àlejò yìí ṣe ń jẹ àyà adìyẹ ló ń ṣòfófó. Ó sọ fún ìyàwó pé ọkọ ń wá ìyàwó kejì. Ó sọ fún ọkọ pé ìyàwó ń pè é ní ahun.

Lọ́jọ́ tí Ìbídùn di ẹrù rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ máa gbélé yín."

"Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣebí ẹ̀gbọ́n tìẹ ni."

"Tèmi kẹ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ìbídùn jókòó lé ẹrù rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ládépò dì mọ́ ògiri, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dúró.

Wọ́n jọ lọ bá àlejò. Ládépò ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta lẹ bá tan nínú àwa méjèèjì?"

Aláìlójútì náà wò wọ́n, ó sì fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. "Háà, ẹ ti ń bára yín sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ."