Àbẹ̀ní Méjì Nínú Àká Kan

"À á pe orúkọ wò lágbolé ká tó fi sọmọ." Lẹ́nu àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lẹ ti máa ń gbọ́ òwe yìí jù. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìdí rẹ̀ nínú yín? Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ òjò ni.

Àká kan wà lórí ayélujára tí kò nílẹ̀kùn. Ẹni tó bá kọ ètò kan á gbé e síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, á sì sọ ọ́ lórúkọ bí ọmọ. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ á pe orúkọ náà, ètò á sì jáde wá bá a.

Bàbá Odùntan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ṣakí, gbé ètò kan síbẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Àbẹ̀ní ló sọ ọ́. Oríkì ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni, èyí tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà ayé ọmọ náà, bí òjò bá ti ṣú báyìí, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ dè é.

Ní Ìsẹ́yìn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tiwalọlá kọ ètò tirẹ̀ fún àwọn ahunṣọ, láti máa to àwọ̀ òwú aṣọ òfì. Ó fi oríkì ìyá rẹ̀ àgbà sọ ọ́: Àbẹ̀ní. Kò tilẹ̀ yọjú wo inú àká. Ó ṣe tán, Àbẹ̀ní mélòó ni kì í sí nínú agbolé kan? Ilé baba wọn la fi ń dá wọn mọ̀. Àṣìṣe ọmọ Yorùbá gidi! Kọ̀ǹpútà ò mọ ilé baba ẹnikẹ́ni. Èyí tó dé gbẹ̀yìn ló ń gbé jáde.

Bí àwọn àgbẹ̀ Ṣakí ṣe pe Àbẹ̀ní lórí fóònù nìyẹn, tí wọn ò rí òjò. Àwọ̀ aró àti ti sányán ni wọ́n rí, tó ń ṣàn fọ́nrán lórí fọ́nrán, bí ẹni pé ẹnìkan ń hun sánmọ̀. Ó rẹwà débi pé àwọn kan jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń wò ó. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ kọjá, àgbàdo ò sì tíì wọlẹ̀.

Bàbá fi ìbínú kọ̀wé. Tiwalọlá fèsì pé orúkọ kì í ṣe ti ẹnìkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi fà á, kí Tiwalọlá tó wọkọ̀ lọ sí Ṣakí fúnra rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ lójúde. "Ẹ káàsán, Bàbá. Tiwalọlá ni mí, láti Ìsẹ́yìn. Nítorí Àbẹ̀ní ni mo ṣe wá."

Kí Bàbá tó lanu, ohùn obìnrin kan ta láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣa ẹ̀wà: "Ó ń bọ̀ o! Òjò ló ń gbá mú!"

Oòrùn ń ràn ganrínganrín. Kò sí òjò kankan.

"Ogún ọdún rèé tí Àbẹ̀ní ọmọ wa ti kú," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́. "Kò sẹ́ni tó pè é tí ìyá rẹ̀ kì í dáhùn."

Ojú ti Tiwalọlá, àánú sì ṣe é débi pé ó sunkún. Lójúde náà ló ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó yọ orúkọ náà kúrò. Ó ronú kan òmíràn, ó pè é nínú àká lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ohunkóhun ò jáde, ó fi sọ ètò rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbẹ̀ pe Àbẹ̀ní, ó sì sọ ọjọ́ òjò fún wọn.

Látìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé à á pe orúkọ wò lágbolé ká tó fi sọmọ. Ẹni tó fẹ́ gbé nǹkan tirẹ̀ wọ inú ohun àjọlò láìbèèrè ni àwọn àgbà ń pa á fún. Orúkọ tó wù ọ́ ò burú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pè é, kí o dákẹ́ díẹ̀, kí o gbọ́ bóyá ẹnìkan ṣì ń dáhùn.