Ìbéèrè tí A Kì í Bi Ọdẹ

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é pariwo sọ. Ọdẹ kan wà ní abúlé Ìdí-Apá, Ọdẹ́rìndé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdẹ, ọmọ ọmọ ọdẹ. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ìwé mẹ́rin péré ni ó kà kí bàbá rẹ̀ tó kú, àyà rẹ̀ kò sì le tó àyà ọdẹ: bí ewé bá já, á wo òkè, bí ẹyẹ bá fò, á wo ẹ̀yìn. Àbúrò kan ṣoṣo ni ó ní, Àjàgbé, òun náà ọdẹ.

Láti ìgbà èwe ni nǹkan kan ti máa ń ṣe Àjàgbé. Ìgbà á dé tí yóò dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ, oúnjẹ á di iyanrìn lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ á dà bí ilé tí àwọn onílé ti kó jáde. Àwọn ará ilé á ní ibà ni. Nígbà tó yá, iná ọyẹ́ jó oko kòkó rẹ̀ kanlẹ̀. Kí eérú tó tutù, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré kú. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ìjì tún ṣí òrùlé ilé rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dágbére. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé yìí á fúyẹ́ bí mi ò bá sí níbẹ̀." Ọdẹ́rìndé á ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, á sì yára bèèrè bí iṣu ṣe ń ta.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọdẹ́rìndé ń pọ́n àdá níwájú ilé, ó rí Àjàgbé tó ń kọjá lọ sí ọ̀nà igbó. Kò mú ìbọn, kò gbé àpò, kò pe ajá. Ajá náà, ó ti fà á lé aládùúgbò lọ́wọ́ lánàá. Ọdẹ́rìndé rí gbogbo rẹ̀, àyà rẹ̀ sì já. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: a kì í bi ọdẹ pé níbo ló ń lọ, ẹni tó bá bi í ti ba igbẹ́ dídẹ jẹ́ fún un. Ó kàn kí i bí a ṣe ń kí ọdẹ pé, "Àrìnpa o." Àjàgbé ní, "Ẹ kú ilé, ẹ̀gbọ́n mi," ó sì lọ.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ajá náà já okùn, ó wá dúró níwájú Ọdẹ́rìndé. Kò gbó. Ó kàn ń wò ó. Ojú ajá náà ni kò jẹ́ kó lè jókòó mọ́. Ó gbé ìbọn rẹ̀, ó tẹ̀lé ajá wọ Igbó Ìdákẹ́, igbó àwọn iwin, níbi tí ẹyẹ kì í ti í ké, tí odò ń ṣàn láìdún, tí ènìyàn á wúkọ́ tí etí rẹ̀ kò ní í gbọ́.

Kò pẹ́ tí iwin kan fi dí ọ̀nà, Kùrukùru ni wọ́n ń pè é. Kò ní ojú, kò ní imú. Ìkùukùu ni láti orí dé ẹsẹ̀, ó fẹ̀ bí àgbàlá ọba. Ṣùgbọ́n ohùn Ọdẹ́rìndé gan-an ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Padà sílé. Kí ni àbúrò rẹ kò ní? Ó láya, ó lọ́mọ méjì láàyè. Afọ́jú ń kọrin, arọ ń jó lórí ìjókòó, òun tí ara rẹ̀ pé ló ń ṣojo."

Ìtìjú mú Ọdẹ́rìndé, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti sọ gbólóhùn yìí rí nídìí ẹmu, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó kólòlò. "Iwin, mi ò... mi ò gbọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò kan náà bá rọ̀ sórí ilé méjì, tí ọ̀kan wó, ọlọ́gbọ́n kì í bú ilé. Á wo ìpìlẹ̀ tí omi ti ń jẹ láti ọjọ́ pípẹ́."

Kùrukùru pín sí méjì. Ajá kọjá, òun náà kọjá.

Níwájú, ó bá Ìyá Aláàrò, iwin arúgbó tí irun rẹ̀ jẹ́ gbòǹgbò igi, tí ojú mẹ́tàdínlógún wà níwájú orí rẹ̀, tí gbogbo wọn ń ṣomi. Ìkòkò kan wà lórí ààrò rẹ̀, òkùnkùn ló ń hó nínú rẹ̀.

"Ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ ń gbọ̀n ju ewé kókò lọ, káàbọ̀," ló wí. "Ta lò ń dọdẹ rẹ̀?"

"Àbúrò mi ni, ìyá."

"Ọbẹ̀ yìí ló ń mu láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Yọ ọ̀kan kúrò kó dànù, n ó sì fún ọ lọ́nà."

Ọdẹ́rìndé di òkúta kìíní mú. Eérú kòkó ló wà lára rẹ̀, àti ipa ẹsẹ̀ ọmọdé. Kò mì.

"Ohun tí ayé fojú rẹ̀ rí nìyẹn. Ṣé ìwọ lè jí òkú ọmọ ni?"

Ó di èkejì mú. Òkúta náà ń gbọ̀n bí ara oníbà. Ó yí díẹ̀, ó tún padà sáyè rẹ̀.

"Àìsàn tó wà nínú orí rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣe é yí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìwọ nìkan kò tó o."

Ẹ̀kẹta kéré, ó ń dán. Ọdẹ́rìndé mọ̀ ọ́n: òkúta ààrò ilé wọn ni.

"Ẹ̀yin lẹ gbé ìyẹn síbẹ̀," ni ìyá wí. "Ẹnu la fi ń gbé e kúrò. Báwo ni bàbá yín ṣe kú?"

"Wọ́n ní ẹfọ̀n ló pa á."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí wọ́n ní."

Ọdẹ́rìndé wo ẹ̀yìn, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ olóògbé ń gbọ́. "Kò sí ẹfọ̀n. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ara rẹ̀. Èmi ni mo rí i, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ìyá wa ní bí mo bá sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò ní í fún wa lọ́mọ fẹ́. Àjàgbé kò mọ̀. Ó rò pé òun nìkan ni irú èrò yìí ń bá jà láyé."

Òkúta náà yí kúrò. Ìkòkò dojú dé, òkùnkùn ṣàn wọlẹ̀.

Ìdí igi apá ni wọ́n ti bá Àjàgbé, ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Ajá gbé orí lé e lórúnkún.

"Àjàgbé, níbo lò ń lọ?"

"A kì í bi ọdẹ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ọdẹ wo ni kì í mú ìbọn? Mo bi ọ́. Ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni?"

"Ó rẹ̀ mí ni. Kì í ṣe ikú gan-an ni mò ń wá. Ibi tí kò ti ní í dùn mí mọ́ ni mò ń wá, mi ò rí i níbòmíràn."

Ọdẹ́rìndé jókòó tì í, ó sì sọ ti bàbá wọn fún un.

"Bàbá náà?"

"Bàbá náà."

Ni Àjàgbé bá sunkún, ẹkún tí kò sun nígbà tí wọ́n ń sin ọmọ rẹ̀.

Wọ́n jọ padà wálé. Ní ọjọ́ kejì, Ọdẹ́rìndé àti ìyàwó Àjàgbé mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n bi í ní ìbéèrè kan náà láìsí ìtìjú, ó sì fún un lóògùn àti ọjọ́ tí yóò padà wá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a gbin kòkó tuntun. Mi ò ní í tàn yín: ọmọ tó kú kò jí. Àárọ̀ mìíràn ṣì ń wà tí Kùrukùru á tún dé ẹnu ọ̀nà, tí Àjàgbé kò ní í lè dìde.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, bí ẹnìkan bá ń pín ohun ìní rẹ̀, tó ń dágbére láìrìnrìn-àjò, ẹ má bi í nípa iṣu. Ẹ bi í ní ohun tó ń bà yín lẹ́rù gan-an. Ìbéèrè kì í pa èèyàn. Bí ìwọ tó ń gbọ́ mi bá sì ni ẹni náà, má dá wọ igbó. Jí ẹnìkan, kó o sọ fún un.

Títí dòní, bí Àjàgbé bá ti gba iwájú ilé kọjá, Ọdẹ́rìndé á bi í, "Níbo lò ń lọ?"

"Oko ni, ẹ̀gbọ́n. N ó dé kí oòrùn tó kan àtàrí."

Ọdẹ́rìndé á gbé àpótí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, á máa wo ọ̀nà oko, á tún máa wo oòrùn.