Ohun Tí Ọ̀nà Abíjàn Jẹ

Ọ̀nà a máa jẹun, àmọ́ a kì í jẹ́ kó yó. Ẹni tó bá ti bá ará agbo ilé Ọdẹ́ya ní Èjìgbò di ẹrù ìrìnàjò rí yóò ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Àwọn kan gbà pé òwe àtayébáyé ni, pé àwọn alájàpá tó ń fẹsẹ̀ rìn láyé ọjọ́un ló fi í sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn awakọ̀ ló dá a, nítorí àwọn tó máa ń dá wọn dúró lójú pópó. Ṣé ẹ̀yin mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, mo mọ̀ ọ́n, mo sì mọ ohun tó mú un sọ ọ́.

Gbádégẹṣin ni orúkọ bàbá náà. Ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́ ló ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba Abíjàn lọ, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti máa ń ṣe. Ó ta abọ́, ó ta aṣọ, ó kọ́lé sílé, ó sì ń wá wo ìyàwó àti ọmọ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n Abíjàn ló fi ṣe ibùjókòó títí irun rẹ̀ fi funfun. Lọ́jọ́ kan ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó mú apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló rán sílé: kí àwọn ọmọ òun wá mú òun kí òun tó kú, nítorí òun kò fẹ́ kí wọ́n gbé òkú òun gba bodè mẹ́rin.

Ọmọ méjì ló bí. Ládùúróyè, àkọ́bí rẹ̀, ń ta sìmẹ́ǹtì àti irin ìkọ́lé ní Èjìgbò, ọwọ́ rẹ̀ sì tó ẹnu. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìbídùnní, ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ní Òṣogbo, níbi tó ń gbé. Ìyá wọn ti kú. Gbogbo ẹbí dáwó jọ, wọ́n sì pín in sí méjì dọ́gba, kí ó má bàa jẹ́ pé bí ti ẹnì kan bá sọnù, gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n tún fẹnu kò pé kò bọ́gbọ́n mu kí ẹnikẹ́ni di owó mọ́ra gba ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Inú káàdì báǹkì ni kí oníkálukú fi tirẹ̀ sí.

Ládùúróyè kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní káàdì kan tó ń dán bíi wúrà, èyí tí báǹkì rẹ̀ fún un nítorí pé oníbàárà ńlá ni. Ó ní òun kò rí ìdí tí òun yóò fi wá ohun tí òun ti ní lápò. Ìbídùnní ní tirẹ̀ ti ta búrẹ́dì pẹ́ tó láti mọ̀ pé èérún tó ń já bọ́ lára ìṣù kọ̀ọ̀kan lè kó èrè ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ó gba báǹkì dé báǹkì ní Òṣogbo, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi gbogbo wọn: bí òun bá ná owó yìí níbi tí wọn kì í ná náírà, èló ni wọn yóò yọ nínú rẹ̀? Ní báǹkì àkọ́kọ́, wọ́n ní kékeré ni. Ó bi wọ́n pé báwo ló ṣe kéré tó, wọn kò mọ̀. Ní èkejì, wọ́n sọ òótọ́ fún un, òótọ́ náà sì wúwo. Ní ẹ̀kẹta, obìnrin kan fi sùúrù ṣàlàyé pé káàdì tiwọn kì í mú ju díẹ̀ lọ bí èèyàn bá fi sanwó, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe máa fi gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ apọwó lemọ́lemọ́, nítorí gbogbo ìgbà tó bá gbà á ni wọn yóò yọ tiwọn. Ó tún kìlọ̀ fún un pé bí ẹ̀rọ bá bi í bóyá náírà ló fẹ́ san tàbí owó ìlú tó wà, kí ó yan owó ìlú náà. Bó bá yan náírà, àwọn tó ni ẹ̀rọ ni yóò ṣẹ́ owó náà ní iye tó bá wù wọ́n.

Ìyẹn ni Ìbídùnní gbà. Káàdì náà rí rádaràda, àwọ̀ eérú, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wọ ọkọ̀.

Wọ́n pín ìnáwó ọ̀nà: bí ẹnì kan bá san ti ilé ìtura lónìí, ẹnì kejì yóò san tọ̀la. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú tí wọ́n bá ti sọ̀ ni Ládùúróyè ti ń gba owó díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ní Kútọnu, ní Lómè, ní Àkírà. Bí ẹ̀rọ bá sì bi í ní ìbéèrè yẹn, náírà ló ń tẹ̀, nítorí ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ bó bá rí owó tó mọ̀. Lómè ni àbúrò rẹ̀ kò ti lè mú un mọ́ra mọ́.

“Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, owó ìlú yìí ni kí ẹ tẹ̀.”

“Ìbídùnní, ṣé kí n máa ṣírò sẹ́fà kiri ni? Náírà ni mo mọ̀. Díẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ mú, jẹ́ kí wọ́n mú un.”

Ìbídùnní yí padà sídìí ẹrù wọn. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n í jẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé Abíjàn, bàbá wọn ti rù, ṣùgbọ́n ó fi ìdajì ẹnu tó kù rẹ́rìn-ín sí wọn, àwọn méjèèjì sì sunkún. Ọkọ̀ ni wọ́n ti pinnu pé àwọn yóò fi gbé e wálé. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ara bàbá náà kò lè gba ìjókòó ọjọ́ púpọ̀ nínú ọkọ̀, pé ọkọ̀ òfuurufú nìkan ló lè gbé e délé láàyè, kí ẹnì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọ́n lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn mẹ́ta. Ládùúróyè ló kọ́kọ́ na káàdì tirẹ̀ sílẹ̀, tìgboyà-tìgboyà. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n tún un gbìyànjú. Ó tún kọ̀ ọ́. Ìgbà náà ló tó ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí báǹkì ti ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò nílé. Lẹ́yìn owó kọ̀ọ̀kan tó ná, àwọn owó kéékèèké mìíràn tí báǹkì yọ tò tẹ̀ lé e bí òròmọdìẹ ṣe ń tẹ̀ lé ìyá wọn. Ó pe báǹkì, inú ń bí i. Ẹni tó dá a lóhùn fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ohun tó fọwọ́ sí.

Ìbídùnní na káàdì tirẹ̀. Akọ̀wé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ bá a tẹ náírà, ó fi ọwọ́ bo ẹ̀rọ, ó sì fúnra rẹ̀ tẹ sẹ́fà. Owó rẹ̀ ká tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Kò ká ẹ̀kẹta. Èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Ládùúróyè kò ju owó ọkọ̀ ilẹ̀ tí yóò gbé e padà lọ.

Wọ́n padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn. Ta ni yóò bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú? Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun Ládùúróyè jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Èjìgbò ló ti ń fojú inú wo ara rẹ̀, bí òun yóò ṣe di bàbá òun lọ́wọ́ mú wọ agbo ilé lójú gbogbo ẹbí. Ìbídùnní mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí ó máa lọ, pé òun yóò wọkọ̀. Ládùúróyè mi orí.

“Ìwọ lo ṣọ́ owó rẹ̀,” ó ní. “Ìwọ ni kó o jókòó tì í.”

Bàbá wọn gbọ́ láti orí ibùsùn. Ó ní kí wọ́n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún òun, wọ́n sì rò ó. Kò lo káàdì rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rin ọ̀nà yẹn láìmọye ìgbà. Ó fi ọwọ́ òsì tó ṣì lágbára di ọmọ rẹ̀ mú, ó sì rọra ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde.

“Ládùúróyè, má bínú sí ara rẹ. Èmi náà, kò sí ìgbà tí mo rin ọ̀nà yìí tí kò jẹ nínú owó mi. Ọ̀nà a máa jẹun. Àmọ́ a kì í jẹ́ kó yó.”

Ládùúróyè wọkọ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí bàbá àti Ìbídùnní sọ̀ ní Èkó, ìdílé ti ń retí wọn ní Èjìgbò, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ wọn dé Òṣogbo, bàbá ní kí wọ́n yà sílé Ìbídùnní. Ó ní òun kò lọ síwájú mọ́, àkọ́bí òun ṣì wà lọ́nà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbà, wọ́n sì pe Ládùúróyè pé kí ó yà síbẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí Ládùúróyè fi fi eruku bora dé ẹnu ọ̀nà, tó rí bàbá rẹ̀ lórí àga tó wọ agbádá, tó ń dúró dè é. Òun ló di bàbá lọ́wọ́ òsì mú wọ agbo ilé Ọdẹ́ya, Ìbídùnní sì di ọ̀tún mú.

Bàbá Gbádégẹṣin gbé nílé fún ọdún bíi mélòó kan kó tó papò dà. Ládùúróyè fúnra rẹ̀ ló tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀. Kò tijú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò ládùúgbò ló ń pè jókòó, tó ń rò ó fún, tó sì ń béèrè irú káàdì tó fẹ́ mú lọ.

Báyìí, bí àgbà kan bá rí i pé ẹnì kan fẹ́ gbéra, tó sì jẹ́ pé iye ohun tó fẹ́ rà nìkan ló mọ̀, tí kò béèrè ohun tí wọn yóò yọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó débẹ̀, ìgbà náà ni yóò pa òwe náà. Kì í ṣe láti dá a dúró nílé. Kí ó lọ, kí ó sì fún ọ̀nà ní tirẹ̀, nítorí ọ̀nà a máa jẹun. Àmọ́ ilé ni kí ó ti díwọ̀n oúnjẹ náà, nítorí a kì í jẹ́ kó yó.